Mo Kí Àwọn Tó Ń Rẹ́rìn-ín

Ṣọ́ọ̀kì ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ó funfun, ó gbẹ, ó kúrú ju ìka tí mo fi dì í mú lọ. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó nà gbalaja sára pátákó dúdú, eruku ṣọ́ọ̀kì sì ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ náà bí èlùbọ́ tí ọmọdé fẹ́ atẹ́gùn sí.

Wò mí, Ìbídàpọ̀. Wo ìyá rẹ níwájú kíláàsì. Ẹsẹ̀ mi dúró, ọwọ́ mi dúró, ojú mi dúró. Àyà mi nìkan ni kò dúró.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán ni. Kíláàsì àwa àgbàlagbà nìyí, ní Ìkirun wa níbí, nínú ilé ìwé tí àwọn ọmọdé ti kúrò láti ọ̀sán. Bẹ́ǹṣì kéré, orúnkún wa ga, a jókòó bí àkèré. Tíṣà ní kí kálukú wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó mọ̀ tí àwọn yòókù kò mọ̀. Bàbá Télọ̀ sọ bí òun ṣe ń fi ojú lásán wọn èèyàn kí òun tó ránṣọ fún un. Àlàájà Ráfátù sọ bí a ṣe ń mọ ẹyin tó ti bàjẹ́ láìfọ́ ọ. Ó wá kàn mí. Mo ní èmi ó sọ̀rọ̀ lórí eré apanilẹ́rìn-ín àwọn ará Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nínú tẹlifísọ̀n, tó jẹ́ pé eré náà fúnra rẹ̀ ló ń bá ọ rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ tán. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń dún.

Ó wá ku èyí tó le jù. Tíṣà wa, ọmọdé ni lójú wa, àbíkẹ́yìn mi jù ú lọ, ṣùgbọ́n àṣà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í yẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fún ara rẹ̀ ní máàkì kí ẹnikẹ́ni tó fún un. Bí o ṣe ń sọ̀rọ̀, á máa fi fóònù ká ọ sílẹ̀. Bí o bá parí, á gbé e síwájú rẹ. Wàá wo ara rẹ, wàá gbọ́ ara rẹ, wàá wá kọ iye tó tọ́ sí ọ nínú mẹ́wàá sójú pátákó, lójú gbogbo ayé. Ó ní ẹni tí kò bá lè wọn ara rẹ̀, ayé ni yóò máa bá a wọ̀n ọ́n, òṣùwọ̀n ayé kì í sì í pé.

Mo ti wọn nǹkan láyé. Mo wọn gààrí, mo wọn àgbàdo, mo fi ìgbọ̀nwọ́ wọn ìgbóná omi ìwẹ̀ ọmọ. Mi ò wọn ara mi rí.

Gbọ́ ìdí tí ṣọ́ọ̀kì fi wúwo lọ́wọ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ yìí náà ni ìwọ ń retí èsì. O ti tún lóyún, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. O ní kí n padà wá sí Ṣìkágò, kí n wá wẹ ọmọ, kí n wá pọn ọmọ, kí n wá bá yín jókòó ti ilé. O ní Màmi, ẹ ń bọ̀ àbí ẹ ò bọ̀, ẹ jẹ́ kí n mọ̀. O ní bí kíláàsì wa bá ti ń tú, wàá pè. Mo ní jẹ́ kí n rò ó. Kí ni mo fẹ́ rò? Mo ti mọ̀ pé mi ò bọ̀. Ohùn tí màá fi sọ ọ́ ni mi ò ní.

Mo wá bá ara mi ṣe àdéhùn. Mo ní bí mo bá lè dúró lójú èèyàn kí n sọ ohun tójú mi rí nílé rẹ, kí n sọ ọ́ dé ìdí, kí ohùn mi má gbọ̀n, a jẹ́ pé mo lè sọ fún ìwọ náà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú eré Amẹ́ríkà. Àwọn tó wà ní kíláàsì rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mo wá ṣe. Ohùn ni mo wá wá.

Tíṣà gbé fóònù síwájú mi. Obìnrin arúgbó kan ń bẹ nínú rẹ̀. Gèlè rẹ̀ wọ́ sápá òsì, ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Mò ń wò ó bí ẹni ń wo àna tuntun, mò ń wá ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí.

Ó ń sọ fún wọn pé nínú eré náà, àga gígùn kan máa ń wà láàrin ilé, àga náà kọjú sí wa, kò sẹ́ni tó ń kẹ̀yìn sí wa. Ilẹ̀kùn wà, kò sẹ́ni tó ń kàn án. Ẹni tó bá wù á já wọlé, kò kí ẹni tó bá nílé, ó ṣí fìríìjì onífìríìjì, ó mu omi olómi. Ẹ̀rín! Ọmọ dá bàbá rẹ̀ lóhùn bí ẹni ń dá ẹgbẹ́ lóhùn. Ẹ̀rín! Ìyàwó wo ọkọ lójú, ó ní orí rẹ̀ ò pé. Ẹ̀rín, ẹ̀rín, ẹ̀rín! Wàhálà ibẹ̀ kì í jinlẹ̀. Kí ẹ̀wà tó rọ̀ lórí iná, ìjà ti parí, wọ́n ti dì mọ́ra wọn. Kò sẹ́ni tó ń kú níbẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀ wàá bá wọn lórí àga kan náà, ewú ò ní í hù lórí wọn.

Mo gbọ́ ohùn Àlàájà Ráfátù nínú fóònù, ó ń bèèrè pé ṣé ọmọ yẹn ò ní ẹ̀gbọ́n kankan tó lè gbá a létí ni. Mo gbọ́ Bàbá Télọ̀, ó ní kí wọ́n gbé ìyàwó yẹn wá kó wá sun ọjọ́ kan péré nílé ìyá òun, bí kò bá ní í sọ ẹnu kalẹ̀. Obìnrin inú fóònù ń dúró kí ẹ̀rín wọn lọ sílẹ̀ kó tó tún ju òmíràn sí wọn. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ní, àmọ́ ìyá kan wà. Nínú gbogbo eré wọn, ìyá kan á ṣáà ti ọ̀nà jíjìn wá kí ọmọ rẹ̀. Àpótí rẹ̀ á tóbi, aṣọ rẹ̀ á pọ̀. Ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ojú ọmọ rẹ̀ ti fà ro, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀. Kò tíì ṣe nǹkan kan. Dídé rẹ̀ ni àpárá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín síyẹn náà. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó wà nínú fóònù, mo rí eyín mi.

Ọjọ́ kìíní mi nílé rẹ ni mo wá kàn. Ìwọ àti ọkọ rẹ ti lọ, ìwọ sọ́dọ̀ dókítà, òun síbi iṣẹ́. Tiwa, àkọ́bí rẹ, ti lọ sílé ìwé. Èmi àti ọmọ tuntun ló kù. Yìnyín bo ìta, ó funfun bí ṣọ́ọ̀kì, igi dúró láìléwé bí ẹni tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín ní pálọ̀. Ẹ̀rín ọ̀pọ̀ èèyàn, ọkùnrin, obìnrin, wọ́n kún ilé. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, àlejò dé, wọ́n sì ti wọlé jókòó kí n tó mọ̀. Ojú tì mí. Mo so gèlè, mo pọn ọmọ, mo jáde sí wọn. Mo tẹ orúnkún, mo ní, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Àga ṣófo. Kò sí ẹsẹ̀, kò sí bàtà, kò sí orí. Tẹlifísọ̀n tí Tiwa gbàgbé sílẹ̀ nìkan ló ń dá rẹ́rìn-ín lára ògiri.

Ibí yìí ni kíláàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Nínú fóònù, Àlàájà Ráfátù ti fa hijáàbù rẹ̀ bo ojú, ejìká rẹ̀ ń mì. Bàbá Télọ̀ ń lu orí bẹ́ǹṣì, ó ń pariwo pé ìyá kí àpótí tẹlifísọ̀n, ìyá kí àpótí o!

Mo kí àpótí. Mo sì kí i lọ́jọ́ kejì. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé kò sí èèyàn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a tọ́ dáadáa, báwo ni yóò ṣe gba ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín kọjá láìkí? Nílé bàbá mi, bí o bá bá èèyàn níbi iṣẹ́, wàá kí i kú iṣẹ́. Bí o bá bá wọn níbi oúnjẹ, níbi ìjókòó, níbi ẹkún, ìkíni tirẹ̀ wà. Bí o bá bá wọn níbi ẹ̀rín, wàá ní ẹ kú àpárá. Ẹni tó bá kọjá níbi ẹ̀rín láìkí, yálà ó ń bínú, tàbí ó ń jowú, tàbí ó ti kú. Mi ò bínú. Mi ò jowú. Mo sì wà láàyè. Mo kí wọn.

Ta ni mo tún fẹ́ kí? Mo jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kò sẹ́ni tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá tí màá kí kú ìrìn. Ìwọ dé, ó ti rẹ̀ ọ́. Ọkọ rẹ dé, ó juwọ́ sí mi, ó wọ yàrá. Tiwa dé, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó. Ìkíni kún ẹnu mi, ó ń kan bí ògì tí wọn ò yí omi rẹ̀.

Ọkọ rẹ ló là mí lóye lọ́jọ́ kan. Ó ní Màmá, ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín òní. Ó ní wọ́n ti ká a sílẹ̀ láti ayébáyé ni, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ̀rín wà, wọ́n á bù ú sí i. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ti lè kú. Mo ronú sí i títí. Ẹ̀rín orúnlá! Wọ́n sá a, ó gbẹ, wọ́n dì í sápò. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ fà, wọ́n bu díẹ̀ sí i, wọ́n da omi sí i, ó yọ̀. Ilá tútù kọ́ o. Igi tó so ó ti kú.

Mo rí i nínú fóònù bí Bàbá Télọ̀ ṣe sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ní, ẹ̀rín òkú.

Mo yára wá ẹ̀fẹ̀ mìíràn fún wọn. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Obìnrin inú fóònù tẹrí ba, ó ní ọ̀rọ̀ òun parí síbẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi tí mo dúró níta fóònù, èmi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀.

Èyí tó kù, ìwọ ni mò ń sọ ọ́ fún, nínú ikùn mi níbí, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá kí ọmọ ni. Mo wà ní kíṣìnnì, mò ń tú mọ́ínmọ́ín kúrò nínú ewé tí mo dì wá láti ilé. Mo gbọ́ ẹ̀rín ní pálọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀ pé ti èèyàn ni. Ó rọ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan ń wúkọ́ nínú rẹ̀. Inú mi dùn. Ẹ̀rín tútù dé ilé yìí lónìí. Mo nu ọwọ́, mo so gèlè, mo gbé abọ́, mo jáde.

Gbogbo yín pagbo yí fóònù kan ká. Ohùn kan ń jáde nínú fóònù náà, ohùn arúgbó, ohùn tí mo mọ̀. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ohùn mi ni. Èmi ni mo wà nínú rẹ̀, mo pọn ọmọ, mo tẹ orúnkún fún àga òfìfo. Ìwọ lo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Ìbídàpọ̀, ìwọ lo ká mi sílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí o ká mi.

Ẹsẹ̀ mi ti dé pálọ̀. Abọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín ń lọ lọ́wọ́. Kí ni ẹni tí a tọ́ dáadáa ń ṣe? Ẹnu mi ti ṣe é kí ọkàn mi tó dá a dúró. Mo ní, ẹ kú àpárá o.

Ẹ̀rín fò dé àjà. Ẹnì kan dojú dé orí tìmùtìmù, ẹnì kan ń nu omi ojú. Mo tún ti ṣe é. Mo ti ṣe é lójú wọn. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Bí ìyá inú eré náà ni mo rí, dídé mi ni àpárá.

Tiwa dìde láàrin pálọ̀. Ó tẹ orúnkún bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pọn ọmọ. Ó ní, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ohùn rẹ̀ ṣe déédé tèmi, òkè lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Mi ò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ti kọ́ ọ ní omi, kò mú un. Mo ti kọ́ ọ ní ẹ káàárọ̀, kò mú un. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọmọ ọmọ mi mú nínú èdè mi, ó sì mú un láti fi mí ṣẹ̀sín.

O rí ojú mi. O ní Màmi, àpárá lásán ni. Mo ní mo mọ̀. Mo gbé mọ́ínmọ́ín kalẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ ní ó dùn.

Àpárá lásán. Orúnkún tí mo tẹ̀ fún àga òfìfo, orúnkún yẹn náà ni mo kúnlẹ̀ lé lọ́jọ́ tí mo bí ọ, kì í ṣe orí tìmùtìmù. Ẹ̀yìn tí mo fi pọn ọmọ rẹ, ẹ̀yìn yẹn náà ni ìwọ sun oorun lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ibà fẹ́ mú ọ lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí orúnkún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀yìn. Ẹni tó yẹ kó ní ó tó, òun ló di fóònù mú.

Tíṣà ń dúró. Ó ní ó yá, Màmá, ẹ wọn ara yín.

Mò ń wọ̀n. Ohùn mi dé ẹ̀yìn kíláàsì, Bàbá Télọ̀ tí etí rẹ̀ ti ń wúwo gbọ́ mi. Mo wo ojú wọn, mi ò wo òrùlé. Ọ̀rọ̀ mi tẹ̀lé ara bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀lé òwú. Bó bá jẹ́ ti ká pa èèyàn lẹ́rìn-ín ni, mẹ́sàn-án ò pọ̀ jù fún mi. Ṣùgbọ́n mo wọ odò dé àárín, mo padà sí èbúté. Èyí tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni mo sọ, èyí tó ń pa mí ni mo gbé mì. Bí àwọn eléré yẹn ṣe ń ṣe gan-an ni mo ṣe, mo gé ọ̀rọ̀ síbi tí ẹ̀rín wà. Ẹyin Àlàájà Ráfátù ni ọ̀rọ̀ mi. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn, ẹ mì í létí, ẹ ó gbọ́ ohun tó ń dún nínú rẹ̀.

Mo na ọwọ́ sí pátákó. Ṣọ́ọ̀kì han. Mo kọ 5. Ó ní fìlà lórí, ó ní ikùn níwájú. Ikùn rẹ̀ yọ bíi ti aboyún. Bíi tìrẹ.

Ariwo ta. Àlàájà Ráfátù ní ṣé orí ń fọ́ Ìyá Ìbídàpọ̀ ni, àbí ọyẹ́ Amẹ́ríkà ló ṣì wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Bàbá Télọ̀ bínú dìde, ó ní bí èmi bá gba márùn-ún, a jẹ́ pé mẹ́jọ tí òun fún ara òun nítorí aṣọ rírán, olè lòun jà, kí Tíṣà tètè wá gbà á padà. Wọ́n ní kí n nù ún. Tíṣà ò ní kí n nù ún. Ó bèèrè pé kí ló dé. Mo ní ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Ó wo ojú mi, ó mi orí, kò bèèrè ìdajì kejì. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni.

Àlàájà Ráfátù ò gbà. Ó ní kí wọ́n tún fóònù náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ojú ìyá yìí lè là. Tíṣà tẹ̀ ẹ́.

Mo rí obìnrin náà bó ṣe ń bọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà kankan. Ó dé iwájú, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Ìró kan dìde nínú fóònù náà, gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn pípọ̀, ohùn jíjin, ohùn tó ń wúkọ́. Òo, ẹ káàbọ̀ o! Àlàájà Ráfátù fi tirẹ̀ lé e pé ẹ kú ewu ọ̀nà Ṣìkágò o, Màmá Amẹ́ríkà! Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dáhùn kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Mi ò gbọ́ ọ nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ìdáhùn dà bí afẹ́fẹ́, ibi tó bá ti pọ̀, èèyàn kì í mọ̀ pé òun ń mí i. Mo dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó. Mo ti ń bá ẹ̀rín jà láti Ṣìkágò, kì í ṣe ẹ̀rín ló dùn mí. Ẹ rẹ́rìn-ín sí mi o, ta ni wọn kì í rẹ́rìn-ín sí? Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná.

Fóònù mi ń dún. Ìwọ ni.

Mo tẹ̀ ẹ́. O ní Màmi, ẹ ti ṣe tán? Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ nìyẹn. Lẹ́yìn ohùn rẹ, mo gbọ́ wọn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn ará inú àpótí, wọn ò tíì jẹ, wọn ò tíì sùn, wọn ò tíì darúgbó.

Mo ní kí o gbé fóònù sí gbangba kí gbogbo ilé gbọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé bí ẹnu kan bá dáhùn, ẹnu kan péré, bó jẹ́ ẹnu Tiwa, màá gbàgbé àdéhùn, màá wá àpótí mi, màá di ewé mọ́ínmọ́ín sí i. Mo ní, ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Mo dúró. Ṣọ́ọ̀kì ń lẹ̀ mọ́ òógùn àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ohùn ọmọdé kan wá láti ọ̀ọ́kán, ó ṣe déédé tèmi, òkè lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Kì í ṣe ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ mi náà ló jù padà lù mí. Ẹ̀rín tẹ̀lé e. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti Tiwa, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti àpótí. Tútù ti pò mọ́ gbígbẹ, ó ti di ọbẹ̀ kan náà.

Mo ní mi ò bọ̀, Ìbídàpọ̀.

O ní àpárá lẹ ń ṣe ni, Màmi? Mo ní rárá. Ohùn mi ò gbọ̀n. O ní ta ni yóò wẹ ọmọ? O ń sọ ọ́ bí ẹni tí omi ojú ń bọ̀ lójú rẹ̀, mo sì mọ ohùn ẹkún rẹ kí o tó mọ̀ ọ́n fúnra rẹ. Ó wù mí kí n kí ọ kú àárẹ̀, kú ìfàyàrán, kú ẹrù ikùn. Ìkíni ń gun ara wọn ní ọ̀nà ọ̀fun mi. Mi ò kí ọ. Ohun tí mi ò ṣe fún àpótí, èmi tí mo bí ọ ni mo ṣe é fún ọ.

Fóònù kú. Àlàájà Ráfátù ò ṣẹ̀fẹ̀. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ gbá àyè fún mi. Bàbá Télọ̀ ń wo bàtà rẹ̀. Tíṣà mú àkísà, ó ní ṣé kí òun nu máàkì náà báyìí. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Oòrùn ti kúrò lára pátákó, àmì márùn-ún nìkan ló kù tó funfun, ó dúró lóun nìkan, ó yọ ikùn sókùnkùn.

Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín nílé ọmọ mi, ẹ̀yin ẹlẹ́rìn-ín gbígbẹ, ilé dọwọ́ yín o. Ọmọ tuntun kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Bó bá sunkún lọ́sàn-án, tí kò sẹ́ni tó wà nílé, ẹ̀yin ni yóò gbọ́. Ẹ bá mi kí i. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Mo fetí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ṣọ́ọ̀kì ṣì ń bẹ lọ́wọ́ mi.